Máìkì kan, míkísà méjì: ibi tí ohùn ń gbà àti ibi tí iná ń gbà

Tí ẹ bá gba Mile 12 kọjá lálẹ́ Sátidé, ẹ óò rí i pé ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ti àwọn kọ̀ndọ́ báàsì àti àwọn tó ń já tòmátì nìkan. Láti Ketu títí wọ Ikosi, òpin ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ láìsí òde: ìgbéyàwó lábẹ́ kánópì, ìsọmọlórúkọ, àìsùn, àsàlátù òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Èmi ò tíì rí èyí tí kò sí máìkì níbẹ̀. Físíìsì ni mò ń kà lọ́wọ́ fún oyè kejì, àmọ́ ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀lé àwọn tó ń ṣe sáùǹdì ládùúgbò jáde, torí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì, ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tó ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá: ṣé èèyàn lè pín ohùn máìkì kan ṣoṣo sí ṣánẹ́ẹ̀lì méjì, kí nǹkan kan má bàjẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó rọrùn gan-an. Àmọ́ bí ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì kò bá sí lára míkísà kan náà, ọ̀rọ̀ yí padà, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń pín in?

Ẹ wo olórin tó dúró lórí pèpéle. Sípíkà ńlá kọjú sí èrò, ó kẹ̀yìn sí olórin. Tí ìlù bá ti gbóná, kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, á wá máa pariwo, orin á sì bọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé sípíkà mìíràn síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gbójú sókè sí i. Mónítọ̀ la ń pè é. Wàhálà mónítọ̀ ni pé ó súnmọ́ máìkì jù. Ohùn á jáde nínú rẹ̀, á padà wọ inú máìkì, míkísà á tún fi agbára kún un, á tún jáde. Bí èyí tó padà wọlé bá ti tó èyí tó jáde lákọ̀ọ́kọ́, ó di fíììììì! Gbogbo èèyàn á fọwọ́ di etí.

Ariwo yẹn kì í kan gbogbo ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi kan pàtó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bóyá lórí ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a ń kọ báyìí: 2,500 Hz. Ẹni tó jókòó ti míkísà á wá ibẹ̀ kàn, á sì yí i wálẹ̀. Ó dáa. Mónítọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń bọ́ mónítọ̀ àti sípíkà iwájú, ohun tó yọ kúrò nínú ti olórin, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú ti èrò náà nìyẹn.

Lédè Yorùbá, ohun tó ń sọnù níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn dò, re, mí wa, kì í tètè bàjẹ́. Gbígbọ̀n tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń gbé e wá: nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, nǹkan bí 200 fún obìnrin. Tẹlifóònù àtijọ́ tí wọ́n ń fi wáyà fà kì í gbé ohun tó bá kéré sí 300 Hz kọjá, síbẹ̀ a ń mọ "ọkọ" yàtọ̀ sí "ọkọ́" lórí rẹ̀, torí ọpọlọ máa ń fi àwọn ìró tó wà lókè mọ èyí tó sọnù nísàlẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ló wà nínú ewu. Láti nǹkan bí 2,000 sí 4,000 Hz ni agbára "ṣ" pọ̀ sí. Ti "s" wà lókè ju ìyẹn lọ. Ẹ gé ibi tí "ṣ" ń gbé, kí ẹ wá wò ó bóyá àwọn tó jókòó lẹ́yìn á mọ ìyàtọ̀ láàárín "ẹ sá" àti "ẹ ṣá a". Ọ̀kan ní kí ẹ máa sá lọ, èkejì ní kí ẹ gbé àdá.

Ìdí tí a fi ń pín in nìyẹn. Ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní jẹ́ ti èrò, kí ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Ìkejì jẹ́ ti mónítọ̀, kí ẹ gé ohun tó bá wù yín nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pín in torí pé ẹbí wà ní London tàbí Houston tó ń wo òde náà lórí Facebook, wọ́n sì fẹ́ míkísà ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Wọn ò jayé lásán o. Ohun tó dùn lábẹ́ kánópì kì í fìgbà gbogbo dùn nínú fóònù. Ìlù tó ń dún gbì-gbì létí èrò lè má nílò máìkì rárá, àmọ́ ẹni tó wà ní London ò ní gbọ́ ọ tí ẹ ò bá fi kún ti rẹ̀.

Kí n sọ èyí kọjá: ó pẹ́ tí máìkì ti ń tún orin wa ṣe. Nínú jùjú ìbẹ̀rẹ̀, láwọn ọdún 1930, báńjò tàbí gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jùjú ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Gángan ò sí, torí á bo olórin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí máìkì àti sípíkà ń tàn kálẹ̀, ohùn olórin àti gìtá rí agbára, gángan wá ráyè wọlé. Ohun tí a wá ń pè ní jùjú lónìí, wáyà wà nínú ìtàn rẹ̀.

Ohun tó wà nínú wáyà

Máìkì tó wọ́pọ̀ lórí pèpéle ládùúgbò wa ni SM58 tí ilé iṣẹ́ Shure kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1966, àti àwọn ayédèrú rẹ̀ tí kò lóǹkà. Inú rẹ̀ ò le. Awọ tín-ín-rín kan wà níwájú, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká róbótó wà lẹ́yìn awọ náà, òòfà sì yí wáyà ká. Ohùn ń ti awọ, awọ ń mi wáyà láàárín òòfà, iná á sì jáde lẹ́nu wáyà. Michael Faraday ló ṣàfihàn èyí ní London lọ́dún 1831: tí wáyà àti òòfà bá ń sún síra wọn tàbí ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, iná á ṣàn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn kánópì ń lo òfin kan náà. Ọ̀kan ń mu epo, ìkejì ń mu ohùn.

Àmọ́ iná máìkì kéré. Gẹ́gẹ́ bí Shure ṣe kọ ọ́, bí ohùn bá le tó 94 decibel lẹ́nu SM58, ohun tó ń jáde jẹ́ 0.00185 fólítì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, 1.5 fólítì, fi ìlọ́po tó lé ní 800 jù ú lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà tó ń bọ̀ níwájú ti ń wá.

Nítorí kíkéré yìí ni wọn ò ṣe fi wáyà kan gbé e. Kébù máìkì tó dáa, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ XLR, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 ń gbé ohùn. Ẹsẹ̀ 1 ni ìbora tó yí wọn ká, òun ló ń lọ sí ilẹ̀ míkísà. Bí ẹsẹ̀ 2 bá ń lọ sókè, ẹsẹ̀ 3 á máa lọ sísàlẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá pàdé wọn lọ́nà, bóyá láti ara wáyà NEPA, á kan àwọn méjèèjì bákan náà. Míkísà á yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, ìdọ̀tí á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á kù.

Kébù Y

Tí ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì bá wà lára míkísà kan, kébù Y ti tó. Ẹnu kan lọ sọ́dọ̀ máìkì, ẹnu méjì lọ sọ́dọ̀ míkísà: 1 mọ́ 1, 2 mọ́ 2, 3 mọ́ 3. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé ohùn á pín sí méjì ọgbọọgba bí ẹni pín búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú tánkì omi tó wà lókè ilé yín. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀. Ẹ wá so páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kejì mọ́ ọn. Agbára tí omi fi ń ti jáde ò ní já sí ìdajì, torí páìpù méjèèjì ò fa omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà míkísà dà bíi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìdènà rẹ̀ sí iná pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdènà inú SM58 tó 300 ohm. Ti ẹnu míkísà, ká ní 2,000 ohm. Tó bá jẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ohun tó dé ibẹ̀ jẹ́ 2,000 nínú 2,300, ìyẹn ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di méjì, ìdènà wọn lápapọ̀ á wálẹ̀ sí 1,000, ohun tó dé á sì jẹ́ 1,000 nínú 1,300, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá fi decibel wọn ìyàtọ̀ yẹn, ó fi díẹ̀ lé ní 1. Nínú orin, etí lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé decibel 1 ti lọ. Ẹ so ẹ̀kẹta, gbogbo àdánù yín ò ju nǹkan bíi decibel 2 lọ. Ẹ máa yí gain sókè díẹ̀ ni, ó tán.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ yí kébù Y padà, kí ẹ fi so máìkì méjì mọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kan. Mo máa ń rí i níbi tí ihò míkísà ò bá ti tó. Máìkì kejì á di páìpù ńlá fún ti àkọ́kọ́, torí 300 ohm péré ni ìdènà tirẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà, ẹ óò rí i pé máìkì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì fólítì rẹ̀.

Ẹ sì yọ ṣánẹ́ẹ̀lì mónítọ̀ kúrò nínú ohun tó ń lọ sí sípíkà iwájú. Tí méjèèjì bá wọ ibẹ̀ pọ̀ lọ́gbọọgba, fólítì á di ìlọ́po méjì, decibel 6 ti wọlé láìpè, fíììì yẹn sì ti ń bọ̀ padà. Ẹ ṣọ́ kébù olówó pọ́ọ́kú náà, èyí tí ẹnu rẹ̀ kan dà bíi ti gìtá. Kò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ńṣe ló máa ń so ẹsẹ̀ 3 pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ 1. Tí ẹ bá fi í ṣe apá kan kébù Y, apá kejì náà ti pàdánù ààbò rẹ̀ láìmọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgbà tí míkísà bá di méjì

Lọ́dún tó kọjá, a lọ ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó kan tí kò jìnnà sí ọjà. Míkísà àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, jẹnẹrétọ̀ ló ń fún un níná. Ìkejì, ti àwọn tó ń gbé e sórí Facebook, wà nínú pálọ̀ ilé kejì, iná NEPA ló ń lò. Kébù Y ni wọ́n fi so máìkì alága ìdúró mọ́ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kì í bọ̀ ọ́ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀: hùùùùùù. Kì í ṣe fíììì o. Èyí ń kùn nísàlẹ̀ bí oyin, alága sọ̀rọ̀ o, alága dákẹ́ o, kíkùn ló ń kùn.

Iná NEPA wa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú hùùù yẹn ni 50 Hz, 100 Hz àti àwọn ọmọ wọn. Báwo ló ṣe wọnú máìkì? Míkísà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn wáyà tí àwọn oníná ń pè ní earth, tó yẹ kó lọ sínú ilẹ̀ gidi. Àmọ́ ilẹ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ilẹ̀ ilé kejì kì í ṣe ọ̀kan náà, fólítì díẹ̀ máa ń wà láàárín wọn. Kí ẹ tó so kébù Y, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó, ẹsẹ̀ 1 ti di afárá láàárín ilẹ̀ méjèèjì, iná sì ti ń gba orí afárá náà kọjá. Ká ní ohun tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.05 fólítì péré. Lójú oníná, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohùn alága jẹ́ 0.00185. Ìdọ̀tí ti jẹ́ ìlọ́po 27 ohùn. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń wọlé, torí ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 ṣì ń pa á rẹ́, àmọ́ ìwọ̀nba tó bá yọ́ wọlé ti tó láti ba ìgbéyàwó jẹ́ lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n tó ni irinṣẹ́ mú píláyà. Ó ní, "Àbúrò, wáyà earth yìí ló ń dà wá láàmú. Jẹ́ kí n gé e kúrò lára plọ́ọ̀gì, ó máa dákẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gé e."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ń gé e. Ta ló kú?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá gé e, hùùù náà á dákẹ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gé e lọ láìdúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wáyà yẹn. Tí wáyà iná bá já nínú míkísà tàbí nínú amplifier, tó lọ fara kan irin ara rẹ̀, wáyà earth ló máa gbé iná náà lọ kíá, kí fíùsì lè jó. Tí ẹ bá ti gé e, iná 230 fólítì á jókòó sára irin, á máa dúró de ẹni tó máa fún un lọ́nà. Irin yẹn so mọ́ ẹsẹ̀ 1, ẹsẹ̀ 1 so mọ́ orí máìkì. Bóyá ìbora kébù ohùn, tó tín-ín-rín bí òwú, ni yóò máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ míkísà kejì. Kí ẹnìkan wá yọ kébù yẹn, kò sí ọ̀nà mọ́ àfi ara èèyàn: ètè lára máìkì, ọwọ́ lára okùn gìtá tó so mọ́ ilẹ̀ mìíràn, tàbí ẹsẹ̀ nínú omi òjò tó wọ abẹ́ kánópì.

Kì í gbà púpọ̀. Iná tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ampere, tó bá gba àyà kọjá, lè da ìlù ọkàn rú. Gílóòbù 60 watt àtijọ́ ń lò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ní ti "ta ló kú?", àwọn tó kú wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1972, Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows láti Scotland, fọwọ́ kan máìkì tí earth rẹ̀ kò dáa lórí pèpéle ní Swansea, ní Wales. Iná gbé e, ó sì kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ní Waco, ní Texas, Kyle Lake tó jẹ́ pásítọ̀ dúró nínú omi ìrìbọmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó nawọ́ mú máìkì. Iná gbé òun náà. Ẹni ọdún 33 ni.

Ohun tí a ṣe níbi ìgbéyàwó yẹn ò la ọpọlọ lọ. A fa extension gígùn láti ibi tí míkísà àkọ́kọ́ ti ń gba iná, a sì gbé míkísà kejì kúrò lórí NEPA wá sórí rẹ̀. Méjèèjì wá ń jẹun nínú àwo kan, ilẹ̀ wọn di ọ̀kan, hùùù náà sì rẹlẹ̀ débi tí ohùn alága fi bò ó pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Ó fi píláyà sápò.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń mú mítà oníná dání, èyí tí kò wọ́n tí àwọn arewáyà ń lò. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, màá fi ẹnu rẹ̀ kan kan orí máìkì, màá fi èkejì kan okùn gìtá, màá sì ka fólítì AC tó wà láàárín wọn. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tó bá ti tó fólítì mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹnu súnmọ́ máìkì yẹn títí a ó fi rí ohun tó fà á.

Tìráńsífọ́mà tó wọ àtẹ́lẹwọ́

Extension gígùn kì í ṣeé fà níbi gbogbo. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń lò ni àpótí kékeré tí tìráńsífọ́mà wà nínú rẹ̀. Ẹ má rò ó pọ̀ mọ́ ti ìkóríta tó máa ń bú gbàmù tí gbogbo àdúgbò á sì wọ òkùnkùn. Èyí lè wọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìlànà Faraday, ti 1831 yẹn, ló ń darí àwọn méjèèjì. Ti ìkóríta ń sọ 11,000 fólítì di 415. Tiwa yìí, iye tó bá wọlé náà ló ń jáde. Wáyà méjì tí wọ́n ká ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì fara kan ara wọn rárá. Iná ohùn á wọ ti àkọ́kọ́, á di agbára òòfà; agbára òòfà náà á tún di iná nínú ìkejì. Ohùn ti kọjá, wáyà ò kọjá.

Nítorí náà, a lè já ẹsẹ̀ 1 lápá míkísà kejì láìfi ohùn ṣòfò. Bọ́tìnì kan máa ń wà lára àpótí náà fún un, tí wọ́n kọ "ground lift" sí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí dáadáa, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí: ilẹ̀ kébù ohùn ni bọ́tìnì yẹn ń já, kì í ṣe ilẹ̀ plọ́ọ̀gì iná. Afárá tó wà láàárín míkísà méjèèjì já, àmọ́ míkísà kọ̀ọ̀kan ṣì di earth tirẹ̀ mú lódindi lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Hùùù dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó mú píláyà àti ẹni tó ń lo bọ́tìnì yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Ibi tí wọ́n ti gé e ló yàtọ̀.

Ẹni tí kò tíì lówó àpótí lè ṣe kébù Y ọ̀tọ̀ kan, kó já ẹsẹ̀ 1 sílẹ̀ ní ẹnu tó ń lọ sí míkísà kejì nìkan. Máìkì ṣì ní ilẹ̀ lápá àkọ́kọ́. Kò lágbára tó tìráńsífọ́mà, àmọ́ fún máìkì irú SM58, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ we táàpù pupa mọ́ ọn lọ́rùn o, kí ẹlòmíràn má lọ lò ó bíi kébù lásán lọ́jọ́ mìíràn, kó wá máa ṣépè.

Nǹkan kan wà tí tìráńsífọ́mà kì í gbé kọjá: iná tí kì í lọ tí kì í bọ̀, irú ti bátìrì. Àwọn máìkì condenser nílò irú iná yẹn, 48 fólítì, láti ọ̀dọ̀ míkísà. Ìtàn 48 yìí dùn mọ́ mi. Lọ́dún 1966, ilé iṣẹ́ Neumann ti Jámánì ń ta máìkì fún ilé iṣẹ́ rédíò Norway. Òkùnkùn ìgbà òtútù wọn pọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ní iná pàjáwìrì 48 fólítì káàkiri ilé iṣẹ́ náà, wọ́n bá ní kí máìkì kúkú máa jẹ nínú rẹ̀. Bí gbogbo ayé ṣe ń lo 48 nìyẹn. Ká ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni, bóyá 12 fólítì bátìrì inverter ni à bá máa lò. Lára àpótí yìí, ẹnu tí wọ́n kọ "direct" sí nìkan ló ń jẹ́ kí 48 fólítì kọjá. Míkísà tó máa fún máìkì níná ni kí ẹ so mọ́ ibẹ̀.

Míkísà dígítà ti mú apá kan nínú wàhálà yìí kúrò. Nínú irú X32 tí Behringer gbé jáde lọ́dún 2012, ohùn ti di nọ́ńbà, ìgbà 48,000 ló ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àdàkọ nọ́ńbà ò sì dín nǹkan kan kù. Ẹ kàn sọ fún un pé kí ihò 1 lọ sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 àti ṣánẹ́ẹ̀lì 17. Kò sí kébù Y, kò sí ohm, kò sí hùùù. Àmọ́ tí ohun tí ẹ fi sí ọ̀kan bá mú un pẹ́ ju ìkejì lọ, ká ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí méjèèjì sì tún pàdé nínú sípíkà kan náà, lórí 500 Hz ọ̀kan á máa lọ sókè nígbà tí ìkejì ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á pa ara wọn rẹ́ níbẹ̀, àti ní 1,500, àti ní 2,500, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn á wá dà bíi ti ẹni tó ki orí bọ páìpù.

Èyí tó ń fa ìjà jù ni gain. Ihò kan ni, gain kan ló ní, bí ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń mu nínú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ń ṣe mónítọ̀ yí i sókè nítorí olórin, ti èrò náà ti lọ sókè, fíììì! Mo wà níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ láàárín ẹni méjì. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ẹni tó ń ṣe ti èrò nìkan ló lè fọwọ́ kan gain, ìkejì á máa lo trim tó wà nínú ṣánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara míkísà.